Bàbá Ìkirè Kò Dá Mi Lóhùn

Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá Ìkirè, kò sí ẹni tó gba máìkì tí kò ní iṣẹ́ tí Bàbá rán òun. Pásítọ̀ kan tó wá láti Ifẹ̀ ní Bàbá ló gbọ́wọ́ lé òun lórí tí wọ́n ní òun máa di ẹni ńlá. Ìyá kan láti Àpòmù ní Bàbá ló sọ pé òun máa bímọ, òun sì bí ìbejì. Awakọ̀ kan ní Bàbá ní kí òun má lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan, òun ò lọ, ọkọ̀ tí òun ì bá wọ̀ sì dojú dé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó síwájú láàárín àwọn ọmọ-ọmọ yòókù, inú mi sì ń ru. Ọ̀rọ̀ kan péré ni èmi bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá mi gbọ́ lẹ́nu Ọlọ́run. Kí n fẹ́ Déjì ni àbí kí n má fẹ́ ẹ? Ọ̀rọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ náà la wà tí wọ́n fi lọ.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ o. Ṣùgbọ́n Bàbá tí èmi mọ̀, "Olúwa wí báyìí" kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Bí èèyàn bá gbé ìṣòro wá, wọ́n á gbàdúrà, àdúrà náà ò sì ní gùn, wọ́n á ṣe "Àmín", wọ́n á wá bi ẹni náà bóyá ó ti jẹun. Bí ó bá ní òun ò tíì jẹun, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Apá kan ìṣòro rẹ nìyẹn."

Ìtàn ìgbésí ayé wọn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, mi ò ní tún un kọ. Ìjọ ti to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ọdún tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n dá sí ibí, èyí tí wọ́n dá sí ọ̀hún, àti fọ́tò kan tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn yà mí lẹ́nu, torí Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Bóyá ẹnì kan ló di dòdò mú lẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ dòdò yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Ìkirè, kò jìnnà síbi tí àwọn ìyá ti ń dín dòdò tí wọ́n ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀. Bí epo bá ti gbóná, tí ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n bá ti ń ta sánsán, òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, Bàbá á sì dá ìwàásù dúró, wọ́n á fa ìmú. "Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn," ni wọ́n máa ń wí, "ìdánwò ti ń wọlé." Gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́, torí ìtọ̀ ṣúgà. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ni gbogbo ẹbí yàn láti máa ṣọ́ wọn. Mo wálé lọ́jọ́ kan, mo gbé àpò Bíbélì wọn kúrò lórí àga kí n lè rí ibi jókòó, epo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Bàbá, kí ló wà nínú èyí?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá ń rùn bí ata?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àpò náà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Mo gba dòdò náà. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, nọ́ọ̀sì lo lọ kọ́ o, mi ò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́ ọ."

Kí wọ́n tó di pásítọ̀, bíríkìlà ni wọ́n. Jímọ̀ sì ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, ọmọ bíbí Àpòmù, ọmọ ilé kéwú. Bàbá tó bí wọn ló máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Níbi tí Jímọ̀ ti ń to búlọ́ọ̀kù ilé ìsìn kan lọ́nà Asejire ló ti gbọ́ ìwàásù, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó padà délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti gba Jésù. Bàbá rẹ̀ ò bú u, kò nà án. Ó gbé ẹní rẹ̀ síta ni. Bí Jímọ̀ ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tó gba ọ̀nà Ìkirè, tó di Jósẹ́fù. Wọn ò tẹ ilé yẹn mọ́ títí bàbá wọn fi kú. Ẹnì kan ṣoṣo ní ilé náà ni kò jẹ́ kí okùn já, ìyẹn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alhaja. Iléyá kan ò ní kọjá kí Ìyá Alhaja má gbé ẹran wá sí Ìkirè, Kérésì kan ò sì ní kọjá kí Bàbá má gbé ìrẹsì lọ sí ilé ọkọ Ìyá Alhaja ní Àpòmù. Ìyá Alhaja ò pè wọ́n ní Jósẹ́fù rí. Bí ìjọ bá ń kígbe "Bàbá Olùdásílẹ̀!", Ìyá Alhaja á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Jímọ̀, wá gba ẹrù yìí lórí mi."

Iṣẹ́ bíríkìlà ò kúrò lára wọn. Nígbà tí ìjọ ń fẹ ilé ìsìn lójú, Bàbá ti dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, Bàbá á jáde tọ̀pá tọ̀pá, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á wo ògiri. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, wọ́n ní kí wọ́n fa okùn ìwọ̀n sí i. Kí ẹni tó ń wá okùn tó dé, Bàbá ti fi àtẹ́lẹwọ́ ti búlọ́ọ̀kù ti òkè lulẹ̀, wọ́n sì ń ti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá àwọn bíríkìlà sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. A máa rẹ́ ẹ. Ta ló máa rí i?"

Bàbá gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́. "Èmi ti rí i," ni wọ́n wí.

Wọ́n sì mọ bí a ti í jà. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé báńà ńlá kan sí ojú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀, wọ́n ya orí Bàbá sí i gbàǹgbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo ayé wá gba iṣẹ́ ìyanu. Bàbá ń bọ̀ láti Asejire tí wọ́n ti lọ ra ẹja, wọ́n sì rí orí ara wọn lókè. Wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kó máa lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí wọ́n lọ já a wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀ wọ́n, igbákejì wọn ní ìjọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá. Wọ́n fún ìyá àgbẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní báńà náà kó máa fi sá kòkó. Igbákejì wọn lọ síbẹ̀, ó bá adìyẹ tó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó kiri lórí eyín Bàbá, ó sì fi igbe bọnu.

"Bàbá, adìyẹ ń rìn lójú yín o!"

"Jẹ́ kó máa rìn," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ìsinsìnyí gan-an ni mo wúlò."

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, torí ibẹ̀ ni ìjà tèmi pẹ̀lú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ìjọ tiwa mọ̀ pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kì í kàn fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ kúnlẹ̀ síwájú pásítọ̀, pásítọ̀ á gba orúkọ wọn sínú àdúrà, á gbààwẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà á pè wọ́n, á sọ ohun tí Olúwa wí. Bí Olúwa bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjó bẹ̀rẹ̀. Bí Olúwa bá ní rárá, kálukú á nu ojú rẹ̀, á gba ilé lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìjọ tó yí wa ká. Lọ́dọ̀ Bàbá nìkan ni kò ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní tiwọn, bí ẹ bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ dìde, kí ẹ jókòó, wọ́n á wá bi yín ní ìbéèrè kan pé, nígbà tí ẹ jà kẹ́yìn, ta ló kọ́kọ́ bẹ èkejì? Tọkọtaya kan wá, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò jà rí. Bàbá ti gbé ọ̀pá láti dìde. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ jà ná, kí ẹ tó padà wá."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú kọ́yà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ ohùn. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, n ò ní parọ́. Bí mo bá fẹ́ ra bàtà, mo lè rìn yí ọjà Ìkirè po kí n tó mú ọ̀kan, kí n sì tún máa wo ẹ̀yìn. Déjì wá sáyé mi, ó dáa, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, àwọn òbí mi fẹ́ràn rẹ̀. Ló bá rí iṣẹ́ ní Yọ́là. Ó ní òun fẹ́ kí a ṣègbéyàwó kí òun tó lọ, kí a jọ lọ. Yọ́là! Èmi tí mi ò sùn níbi tó jìnnà ju Ìlọrin lọ rí. Orí mi dàrú. Mo ní, kí ni wàhálà mi, ṣé kì í ṣe èmi ni mo ní bàbá àgbà tó jẹ́ ẹni Ọlọ́run? Kí wọ́n bi Ọlọ́run fún mi, kí ara tù mí.

Ọ̀sán Sátidé ni a lọ. Bàbá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín ilé wọn àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó wú sórí àpótí. Déjì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n kí i, wọ́n béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n béèrè iṣẹ́ Yọ́là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Nígbà tí ẹ jà kẹ́yìn, ta ló kọ́kọ́ bẹ èkejì?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Déjì wí kíákíá. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi, òun ló kàn bẹ̀ mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú mi lọ́kàn le, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mí. Ẹ bá mi bi Ọlọ́run. Ohun tí ẹ bá gbọ́ ni mo máa ṣe. Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Dìde."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àṣàkẹ́, dìde. Bí mo bá ní kí o lọ, tó bá dáa, èmi ni wàá máa dúpẹ́ fún. Bí kò bá dáa, èmi ni wàá máa bú. Níbo lo wá fi ọkọ rẹ sí?"

Mo fi ìbínú dìde. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbọ́ tiwọn, tèmi ni wọn ò gbọ́. Mo ní kí ni wọ́n wá ń fi Ọlọ́run ṣe bí wọn ò bá lè bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Déjì ń fà mí láṣọ lẹ́yìn. Bàbá ò bínú, èyí ló tún bí mi nínú jù. Wọ́n ní, "Ẹ mu omi kí ẹ tó lọ, oòrùn mú."

Ilé ìdáná ni mo gbà lọ. Mọ́mì wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo ariwo mi. Mọ́mì ni àkọ́bí Bàbá, Dúpẹ́ ni orúkọ wọn, ẹni tó máa ń dákẹ́ ni wọ́n. Mo ń rojọ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, wọ́n ní, "Bàbá ti fún èèyàn ní irú ohùn tí ò ń wá yẹn rí. Èmi ni wọ́n fún."

Mo jókòó.

Mo ti mọ̀ láti kékeré pé àwọn ẹbí kan fi ìjọ wa sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. "Ọ̀rọ̀ kan ló fà á," ni gbogbo ènìyàn máa ń wí, wọ́n á sì yí i sí nǹkan mìíràn. Ọjọ́ yẹn, nídìí ẹ̀wà, ni mo tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Àpòmù ni Dádì mi, ilé kéwú làwọn náà ti wá, Múrí ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Bàbá gan-an ló wàásù fún Múrí, Bàbá ló rì í bọmi. Múrí wọ ìjọ, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún kọ́yà, ojú rẹ̀ sì lọ sára Dúpẹ́. Àwọn méjèèjì lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Bàbá gbààwẹ̀, wọ́n sì pè wọ́n. Wọ́n ní, "Olúwa ní rárá."

"Kí lẹ wá ṣe?" ni mo bi Mọ́mì.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Olúwa ní rárá. Mo gba ilé lọ."

"Dádì ńkọ́?"

Mọ́mì rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wà. "Bàbá rẹ ò lọ síbì kankan. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń wá, á jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, á tẹ̀ ẹ́, á lọ. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Èmi náà ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì wá bá mi, mi ò gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò dé, ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Mo rù hangogo."

Ọdún Iléyá ló tú àṣírí. Ìyá Alhaja gbé ẹran wá bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n rí bí Mọ́mì ṣe rù, wọ́n béèrè. Mọ́mì sọ ọ́ fún wọn. Ìyá Alhaja gbé abọ́ ẹran kalẹ̀, wọ́n wọlé tọ àbúrò wọn lọ, Mọ́mì sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mọ́mì ní Ìyá Alhaja ò pariwo rárá. Wọ́n kàn béèrè ni pé, "Jímọ̀, ṣé Ọlọ́run ló ní rárá, àbí ẹní tí Bàbá wa gbé síta ló ṣì ń dùn ọ́?"

Bàbá bínú. Wọ́n ní Ìyá Alhaja ò mọ nǹkan kan nípa ohùn Ẹ̀mí Mímọ́. Ìyá Alhaja ní òótọ́ ni, òun ò mọ ohùn Ẹ̀mí, ṣùgbọ́n òun mọ ohùn àbúrò òun dáadáa, torí ẹ̀yìn òun ló ti kọ́kọ́ ké. Wọ́n gbé ìborùn wọn, wọ́n padà sí Àpòmù.

Bàbá ò jẹ nínú ẹran Iléyá ọdún yẹn. Wọ́n wọ yàrá àdúrà, wọ́n tilẹ̀kùn. Kí ọjọ́ ìsinmi tó pé, wọ́n pe àwọn àgbà ìjọ, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn. Àwọn àgbà dìde, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí Bàbá kàn pe Múrí àti Dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ pé Olúwa ti yí i padà. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní bí Bàbá bá ní òun ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa gba ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́ mọ́? Ìjọ máa tú.

Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn orin, Bàbá dúró síwájú, wọ́n ṣí fìlà. Mọ́mì ní òun rántí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jókòó, ẹ má kọrin mọ́. Múrí àti Dúpẹ́ wá bá mi, mo ní Olúwa ní rárá. Olúwa ò sọ nǹkan kan fún mi. Ohùn tí mo gbọ́, ohùn ara mi ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé Àpòmù tó gbé ẹní mi síta tún fẹ́ gba ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé bíríkìlà ni mí. Ògiri tó bá wọ́, kó tó gbẹ ni à ń wó o. Èyí ti gbẹ, èmi ni mo jẹ́ kó gbẹ. Mò ń wó o lójú yín báyìí. Dúpẹ́, Múrí, ẹ má bínú sí mi."

Ni wọ́n bá kúnlẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí, kí bàbá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, lójú gbogbo ìjọ? Mọ́mì kígbe, "Bàbá mi, ẹ má ṣe é!", wọ́n sáré láti inú kọ́yà lọ gbé Bàbá dìde. Dádì tó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù fi gbogbo apá sùn lé e, ohùn burúkú kan sì jáde láti inú ẹ̀rọ. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, omijé sì ń bọ́ sínú ẹ̀wà. Wọ́n ní orin ìgbéyàwó àwọn nìyẹn.

Ohun tí àwọn àgbà bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹbí kan kó lọ sí ìjọ mìíràn, àwọn tí Bàbá ti bá gbọ́ ohùn rí ń bi ara wọn bóyá tiwọn náà jẹ́ òótọ́, àwọn kan ò tilẹ̀ kí Bàbá mọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn ò padà. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ò ti dá tọkọtaya kankan lóhùn mọ́. Mo wo Mọ́mì. Mo ní, "Àṣé bí Bàbá ò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá má bí mi."

"Òun ni mo ní kí o mọ̀," ni Mọ́mì wí. "Lọ bá wọn ní ìta, kí o má fajú ro lọ sí Ìbàdàn."

Mo padà sábẹ́ máńgòrò. Déjì ti ń bó ọsàn fún wọn, wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá tó wú, mo ń fi ọwọ́ ra á. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Mọ́mì ni, Mọ́mì ni wọ́n ṣẹ̀, Mọ́mì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Wọ́n mu ọsàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Wọ́n ní, "Ohùn Ọlọ́run àti ohùn ẹ̀rù mi jọra gan-an, Àṣàkẹ́. Tó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí mo fẹ́ràn, mi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ rárá."

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. Mo ti di ojú, mò ń retí. Àdúrà náà ò ju gbólóhùn kan lọ. "Olúwa, la etí ọmọ yìí." Wọ́n ṣe "Àmín", wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n kú, lórí àga wọn lábẹ́ máńgòrò yẹn, lọ́sàn-án gangan, Bíbélì lórí itan wọn. Mo sunkún gidi. Mo tún ní ìbínú díẹ̀, kí n má tàn yín. Déjì ti ń múra Yọ́là, ó ti ní òun ò ní fi ipá mú mi, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi kí òun tó lọ. Èmi ṣì ń sọ ọ́ lọ́kàn pé bí Bàbá bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ì bá ti tán.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń ru níbi ìsìnkú, tí gbogbo ẹni tó di máìkì mú ń fi ohùn Bàbá yangàn. Mo dìde, mo bọ́ síta. Àwọn ará Àpòmù wà lábẹ́ ìbòòji níbẹ̀, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú fìlà funfun, àwọn ìyá pẹ̀lú ìborùn, wọ́n ti wá sin ọmọ wọn. Ìyá Alhaja jókòó sórí àga Bàbá lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ti gbó gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì wò mí.

"Ìwọ ni Àṣàkẹ́ tó ní kí Jímọ̀ bá òun gbọ́ ohùn?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Èmi ni, mà. Wọn ò gbọ́ ọ."

"Ta ló ní kò gbọ́?" Ìyá Alhaja mi orí. "Jímọ̀ wá bá mi ní Àpòmù nítorí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí ẹ lọ tán. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú yẹn. Ó jókòó tì mí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, 'Àǹtí mi, Yọ́là jìnnà. Bí ọmọ yẹn bá lọ, mi ò ní rí i mọ́ kí n tó kú. Bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí láti bi Ọlọ́run, mo mọ ohun tí màá gbọ́. Rárá ni màá gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí n kúnlẹ̀.'"

Mo gbórí lé orúnkún wọn, mo ń sunkún. Ìyá Alhaja fi etí ìborùn wọn nù mí lójú, wọ́n ní, "Mo ní kí ó máa lọ ilé, kí ó lọ mu omi. Ó ṣe é. Kò kúnlẹ̀."

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíì ti gba máìkì, òun náà ní Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan fún òun. Mi ò fetí sí i mọ́. Òórùn dòdò ń bọ̀ láti ẹ̀bá títì, kò sì sí ẹni tó máa ní kí wọ́n ti fèrèsé. Mo rìn dé ẹ̀yìn ògiri tí Bàbá wó lọ́jọ́sí, èyí tí wọ́n tún mọ, tó sì tọ́, mo fara tì í, mo pe Déjì lórí fóònù. Ó wà lẹ́nu géètì níbẹ̀ náà, ó ń bá wọn to ọkọ̀ àlejò.

"Àṣàkẹ́, kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan kan?"

"A jọ ń lọ sí Yọ́là," ni mo wí.

Mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohùn ni?" ló béèrè, jẹ́jẹ́, torí ó mọ̀ mí. "Ṣé Bàbá ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Rárá," ni mo wí. "Ohùn ara mi ni."